Ọ̀dọ̀ Ta Lẹ Wọ̀ Sí ní Ògèrè?

Ẹ tẹ orúkọ Ògèrè sórí fóònù yín, kí ẹ wo ohun tó máa jáde. Táńkà tó gbiná. Tírélà tó dábùú ọ̀nà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó sọ ìrìn wákàtí kan di ti wákàtí márùn-ún. Tí ẹ bá tún wò ó sísàlẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí àwòrán hòtẹ́ẹ̀lì ńlá àti omi ìlúwẹ̀ẹ́ tó mọ́ gaara. Kí ẹ tó rí ẹnì kan péré tó ń gbé ìlú náà, tó ní orúkọ, tó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, dátà yín lè ti tán.

Ká má parọ́, ẹjọ́ íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ̀wé báyìí nípa àwọn ìlú kéékèèké tó wà lójú ọ̀nà nílẹ̀ Yorùbá: ọ̀nà ni wọ́n máa ń kọ, ìlú á sì bọ́ sílẹ̀. Ògèrè wà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, bí ìdajì ọ̀nà láàárín Èkó àti Ìbàdàn. Ó ní ọba, Ológèrè. Ó ní oko, ó ní ìtàn, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ̀ka rẹ̀ dé òkè òkun. Ọ̀sà àti òkun wà ní gúúsù rẹ̀, ilẹ̀ igbó sì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Irú ìlú tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ràn ìrìnàjò máa wá nìyẹn. Kí ló dé tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, síbẹ̀ tó ṣòro láti rí ẹni tó máa sọ fún wa bó ṣe rí láti sùn níbẹ̀?

Àwa mẹ́ta tó máa ń kàwé pọ̀ lọ sùn níbẹ̀ ní oru méjì, láti ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú. Bọ́ọ̀sì Ìbàdàn la wọ̀. Nígbà tí a ní Ògèrè la ti máa sọ̀, kọ̀ńdọ́ ní owó Ìbàdàn náà la máa san; ẹni tó bá wù kó sọ̀ lójú ọ̀nà, ìyẹn ò kan òun. A san án. Nígbà tí a wá jókòó láti ronú lórí àwọn ìwé tí a ti kà nípa ọ̀nà yìí, a rí i pé bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ń ṣe sí òǹkàwé nìyẹn gan-an. Owó Èkó sí Ìbàdàn ni wọ́n ń gbà. Ibi tí ènìyàn lè sọ̀ sí láàárín ò sí nínú ìṣirò wọn.

Ilé ìtura kékeré kan la dé sí. Lálẹ́ ọjọ́ tí a dé, a jáde lọ jẹun lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta oúnjẹ.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi," ló wí. "Ọ̀dọ̀ ta lẹ wọ̀ sí?"

"Hòtẹ́ẹ̀lì la wọ̀ sí, mà."

"Mo gbọ́. Ta lẹ wá kí?"

"A ò wá kí ẹnikẹ́ni, mà. A kàn wá wo ìlú ni."

Ó wò wá bí ẹni tó gbọ́ pé a wá wo afẹ́fẹ́. Ó ní ká jókòó, ká jẹun ná. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní ká lọ kí bàbá àgbàlagbà kan ní àdúgbò kejì, ká sọ pé òun ló rán wa. Bàbá yẹn ló sọ fún wa bí ọ̀nà ńlá ṣe gba àárín oko kọjá nígbà tí òun ṣì wà ní ọ̀dọ́, tó sì ń fi ìka ka iye igi obì tí wọ́n gé lóko bàbá òun. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ká ní ìyá yẹn ò bi wá ní ìbéèrè ni, fọ́tò tírélà là bá yà, ká padà sílé.

Ìbéèrè rẹ̀ la fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n nínú àpilẹ̀kọ yìí. Lédè wa, ènìyàn máa ń wọ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan, ó máa ń lọ kí ẹnì kan. Ìlú ò lè dá àlejò gbà. Ẹnì kan níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sún àga síwájú, kó bu omi wá. Nítorí náà, tí a bá gbé ìwé ìrìnàjò, eré, tàbí fídíò kan lọ́wọ́, ohun tí a máa kọ́kọ́ bi í ni pé: ọ̀dọ̀ ta lo wọ̀ sí? Èyí tó bá rí ìdáhùn fún un máa ń pẹ́ lọ́kàn ẹni. Èyí tí ò bá rí i, ọ̀nà nìkan ló máa ń kù nínú rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí ti wà nínú lítíréṣọ̀ wa tipẹ́. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tó jáde ní 1938, D. O. Fágúnwà fi ìjà àti iwin kún ojú ọ̀nà. Àgbákò ni ọ̀pọ̀ wa máa ń rántí nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọdẹ dé Òkè Lángbòdó tí wọ́n ń lọ, kí ni ọba ibẹ̀ ṣe fún wọn? Ó rán wọn lọ sí ilé Ìrágbèje, ilé olójúlé méje, wọ́n sì lo ọjọ́ méje níbẹ̀. Ìjà ò sí nílé yẹn. Wọ́n jókòó, Ìrágbèje ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń kánjú lọ ṣe ìdánwò máa ń fo apá yìí, torí ìwàásù pọ̀ níbẹ̀, àwa náà sì gbà pé ó máa ń gùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Fágúnwà ṣe to ìwé rẹ̀. Gbogbo wàhálà ojú ọ̀nà, owó ọkọ̀ ni. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ san owó wà nínú ilé olùgbàlejò kan tó ní ọ̀rọ̀ láti sọ. A ò rò pé ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ kọ ìrìnàjò lédè Yorùbá lónìí lọ wá àpẹẹrẹ síbi tó jìnnà ju ìyẹn lọ.

Ibo wá ni Rẹ́mọ ti pàdánù èyí? Ìtàn ní díẹ̀ láti sọ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, Ìbàdàn nílò ìbọn àti ẹ̀tù láti etí òkun. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tó lè gbé e dé ibẹ̀ ni ọ̀nà Rẹ́mọ, tó já sí Ìkòròdú létí ọ̀sà. Ẹ̀gbá ò fẹ́ kí ọ̀nà yẹn ṣí sílẹ̀, ni wọ́n bá lọ dó ti Ìkòròdú. Ní 1865, Glover tó ń ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó rán ọmọ ogun síbẹ̀, wọ́n sì lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò. Ẹni tó bá ka ìtàn ogun yẹn á rí i pé gbogbo àwọn alágbára tó ń jà, ohun kan náà ni wọ́n ń pe ilẹ̀ yìí: ọ̀nà. Ta ló máa ṣí i, ta ló máa tì í, ta ló máa jókòó síbodè kó máa gbowó. Ọjà tó ń tinú igbó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi, ọjà tó ń tinú omi gòkè wá, ìyẹn ni wọ́n ń rí. Ẹni tó ń gbé àárín méjèèjì di oníbodè lásán lójú wọn.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, ọ̀nà tó gùn ju kìlómítà 120 lọ, Ògèrè ni wọ́n kọ́ ọ̀kan nínú àwọn tógéètì rẹ̀ sí. Ibodè tún padà wá sílẹ̀ Rẹ́mọ, ó kàn wọ aṣọ tuntun ni. Ìjọba Ọbásanjọ́ ti fagi lé owó tógéètì láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, síbẹ̀ ẹ ṣì máa gbọ́ "Ògèrè tógéètì" lẹ́nu àwọn èrò ọkọ̀. Owó lọ, orúkọ jókòó. Àwọn tírélà àti táńkà náà jókòó, wọ́n to ara wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lọ rẹrẹẹrẹ. Àwọn dírẹ́bà ń sinmi, àwọn tó ń ta búrẹ́dì, omi àti oúnjẹ gbígbóná ń rìn láàárín wọn. Oúnjẹ òòjọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn wà níbẹ̀. Iná táńkà náà sì ti jó níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn ṣeré.

Èyí ló mú wa dé ọ̀dọ̀ The Road, eré tí Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní 1965. Ọdún mẹ́tàlá ló fi ṣáájú ọ̀nà márosẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró ní Ògèrè lálẹ́, tí òórùn dísù àti ariwo jẹnẹrétọ̀ yí i ká, á mọ̀ pé eré náà ò tíì gbó. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Professor. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá. Ó ń ṣe ayédèrú láísẹ́ǹsì fún dírẹ́bà. Ó hú àmì ojú ọ̀nà kúrò nílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, á bu ẹmu fún àwọn dírẹ́bà àti àgbérò tó kóra jọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Kotonu wà níbẹ̀ náà, dírẹ́bà tí kò fẹ́ wakọ̀ mọ́ lẹ́yìn ohun tí ojú rẹ̀ rí lórí afárá kan.

Ẹ jẹ́ ká bi eré yìí ní ìbéèrè wa. Ó dáhùn o! Àwọn ènìyàn wọ̀ sí ọ̀dọ̀ Professor. Ó ń fún wọn níbi tí wọ́n máa jókòó sí, ó ń fún wọn lẹ́mu. Ohun tó bani lẹ́rù nínú eré náà nìyẹn gan-an: olùgbàlejò tó jẹ́ pé jàǹbá àlejò ni ọjà tó ń tà. Ọgbọ́n Ṣóyínká pọ̀ níbi tó ti mú ohun tí Yorùbá kà sí ìwà ọmọlúàbí jù lọ, ìgbàlejò, tó sì yí i padà lójú wa di pańpẹ́. A ò ní kí eré náà jẹ́ nǹkan mìíràn. Òǹkọ̀wé rẹ̀ náà ò sì fi ọ̀rọ̀ mọ sórí ìtàgé, nítorí nígbà tí wọ́n dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1988, òun ni alága àkọ́kọ́.

Àròyé wa wà lórí ogún tí eré yẹn fi sílẹ̀ fún àwa tó tẹ̀lé e. Ó ti di àṣà pé tí ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé kan bá fẹ́ kọ nípa ọ̀nà nílẹ̀ yìí, á mú Ògún, á mú irin, á mú ẹ̀jẹ̀, á sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ọ̀nà á wá di ẹranko tó ń jẹ ènìyàn. Tí a bá ka mẹ́wàá irú rẹ̀, a ó rí òkú púpọ̀, a ò ní rí ilé kan. A ò ní mọ̀ pé ọ̀nà tó ń pa ènìyàn yìí, ẹnì kan ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó ń jí láàárọ̀, tó ń gbálẹ̀, tó ń rán ọmọ lọ síléèwé.

Ó yani lẹ́nu pé Ṣóyínká kan náà ló kọ ohun tó lè wo àìsàn yìí sàn. Ìsarà ò jìnnà sí Ògèrè. Rẹ́mọ ni àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ ni ìlú bàbá rẹ̀. Nínú Aké tó jáde ní 1981, ọmọdé náà máa ń tẹ̀lé àwọn òbí rẹ̀ láti Abẹ́òkúta lọ sí Ìsarà, ibẹ̀ ni bàbá bàbá rẹ̀ sì ti ní kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún un ní ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ fọkàn sí ibi yẹn dáadáa. Ọmọ àwọn onígbàgbọ́ ni, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń tọ́ ọ, àlejò sì ni dé ìwọ̀n àyè kan ní ìlú bàbá rẹ̀. Ẹni tó wọ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ò jẹ́ kó padà bó ṣe wá. Ó fi nǹkan sí i lára. Nínú gbogbo ohun tí a ti kà nípa ìlú kékeré nílẹ̀ Rẹ́mọ, a ò rí ibi tó sọ̀rọ̀ nípa "wíwọ̀ sí" ju èyí lọ. Ẹni tó wo ìlú láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì kò lè ní irú àpá bẹ́ẹ̀.

Ní 1989, Ìsarà: A Voyage Around "Essay" jáde. Bàbá Ṣóyínká ti kú nígbà náà. Àpótí páànù kan tí ìwé àti lẹ́tà àtijọ́ wà nínú rẹ̀ ló ti mú ìtàn náà, ó sì fi àròsọ lù ú pọ̀. Àwọn tíṣà àti oníṣòwò kan ní ìgbà ayé Òyìnbó ni ìwé náà tẹ̀lé. Ọ̀kan nínú wọn, Akínyọdé, ní ọ̀rẹ́ orí lẹ́tà kan ní Ashtabula, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Ìjà oyè wà níbẹ̀ náà, lórí ẹni tó máa jẹ Ọdẹmọ. Nínú ìtàn gidi, Samuel Akínsànyà, ọ̀kan nínú àwọn olórí Nigerian Youth Movement, ló gorí ìtẹ́ yẹn ní 1941. Ní ìparí ìwé náà, ọ̀rẹ́ orí lẹ́tà láti Amẹ́ríkà dé sí Ìsarà fúnra rẹ̀.

Ohun tí ìwé yìí ṣe fún wa nìyí: ó yí ojú ìrìnàjò padà. Àwọn ará ìlú kékeré ni wọ́n ń fi ọkàn rin ayé, tí wọ́n ń pe orúkọ Ashtabula bí ẹni ń jẹ obì, tí Òyìnbó sì jẹ́ àlejò tó ń bọ̀ wá wọ̀ sí ọ̀dọ̀ wọn. Ìsarà ò dúró kí ẹnì kan wá ṣàwárí rẹ̀. A nífẹ̀ẹ́ ìwé yìí púpọ̀, ṣùgbọ́n a rí ibi tó kù sí. Àpótí lẹ́tà ọkùnrin tó mọ̀wé ló ń darí ìtàn. Àwọn obìnrin wà níbẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ẹni tí kò kọ lẹ́tà kò lè ní àpótí tí ọmọ máa ṣí lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ká ní a ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nípa àwọn tó ń ta obì àti gàrí nílẹ̀ Rẹ́mọ, báwo ni ìlú náà ì bá ṣe rí lójú wa? Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ìwé náà ń bá bọ̀wọ̀ fún nílé ò lè kà á.

Ní ti Ògèrè fúnra rẹ̀, ìwé tó gbé orúkọ rẹ̀ lọ jìnnà, ọmọ Yorùbá kọ́ ló kọ ọ́. Ọmọ New Zealand kan, Harold Turner, ń kọ́ni ní Fourah Bay College ní Freetown. Ní 1957, létí òkun ibẹ̀, ó bá àwọn Aládùúrà kan pàdé. Ìjọ tí wọ́n bí ní Ògèrè ni. Josiah Ọ̀ṣítẹ̀lú, ọmọ Ògèrè tó ti ṣe kátíkíìsì ní ìjọ Áńgílíkà, bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìran ní 1925, ó sì dá The Church of the Lord (Aladura) sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀ ní 1930. Ní 1947, E. O. A. Adéjọbí gbé ìjọ náà dé Freetown, ẹlòmíràn sì gbé e dé Monrovia. Èyí tí Turner kọ lẹ́yìn ìpàdé etí òkun yẹn di ìwé alápá méjì tó jáde ní Oxford ní 1967, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìwé tó kún jù lọ lórí ìjọ Aládùúrà kan ṣoṣo.

Ẹ rí bí òkun ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ń jagun láyé àtijọ́ rò pé Rẹ́mọ kàn jẹ́ ibi tí wọ́n ń gbà dé etí òkun ni. Ní 1947, Ògèrè ló kọjá òkun fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àdúrà àti aṣọ funfun. Láti 1937 sì ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún òkè Taborar ní oṣù kẹjọ ọdún, tí àwọn onígbàgbọ́ láti ilẹ̀ mìíràn ń wá sí Ògèrè, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ gan-an, tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n ń gbàdúrà. Àwọn wọ̀nyí mọ ẹni tí wọ́n wá kí.

Turner fi sùúrù ṣiṣẹ́, ó ka ohun tó yẹ kó kà, kò sì fi àwọn tó gbà á lálejò ṣẹ̀sín bí àwọn Òyìnbó kan ti ń ṣe nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìjọ ló wọ̀ sí, ìlú ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́ lógún. Nǹkan kan wà nínú ìtàn yìí tó ká àwa lára ju bó ṣe máa ká onímọ̀ ẹ̀sìn lọ. Ọ̀ṣítẹ̀lú máa ń kọ ìran rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé, ó sì ní àmì ìkọ̀wé tirẹ̀ tó ní Ọlọ́run ló fi han òun. Ẹ̀yin tó ń ka ìwé ìròyìn lítíréṣọ̀, ẹ dúró gbọ́ ìyẹn. Ní ìlú tí gbogbo ayé rò pé tírélà nìkan ló wà níbẹ̀, ọkùnrin kan jókòó ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ó ń kọ̀wé, ó ń kọ lẹ́tà tí kò sí níwèé ABD kankan. Yálà ẹ gba ìran rẹ̀ gbọ́ tàbí ẹ ò gbà á gbọ́, òǹkọ̀wé ni. Kí ìwé kankan tó kọ Ògèrè, Ògèrè ti ń kọ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bojú wo ti àwa ọ̀dọ́. Fídíò ìrìnàjò pọ̀ lóde báyìí, ó sì dára pé àwọn ọmọ wa ń rin ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n á ní ìlú kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ làwọn ṣàwárí. Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Àwọn tó bí ọmọ síbẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á ya ewéko lójú ọ̀nà, wọ́n á ní igbó kìjikìji rèé, bẹ́ẹ̀ oko ẹ̀gẹ́ ẹnì kan ni. Igbó àtijọ́ tó wà ní apá ibí yìí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti di oko: ẹ̀gẹ́, ọ̀pẹ, obì. Ẹni tó bá béèrè pé oko ta ni èyí, tí wọ́n sì dá a lóhùn, ó ti rí ìtàn. Ẹni tó bá pè é ní igbó, tó kọjá lọ, ó ti lé olóko kúrò lóko rẹ̀ láì mọ̀. Wọ́n á jẹ ìkọ́kọrẹ́ níwájú kámẹ́rà, wọ́n á dijú, wọ́n á mi orí. Ta ló rin ewùrà yẹn? Ta ló kọ́ ọ bó ṣe máa ṣe é kó má ṣàn jù? Ẹnu àlejò la rí, a ò rí ọwọ́ ẹni tó se é.

Ẹnì kan lè ní à ń ni àwọn ọmọ ọlọ́mọ lára. Wọ́n lè ní oru méjì péré ni àwa náà lò. Òótọ́ ni, àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. A ò sọ pé ẹni tó bá sùn ní ìlú kan ti mọ ìlú náà. Ohun tí a ń sọ ni pé ó ti mọ ẹnì kan níbẹ̀, ẹni tó lè sọ fún un pé irọ́ lo kọ. Òǹkọ̀wé tí kò wọ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni ò ní ẹni tó máa tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún un láti sọ ohun tó bá wù ú.

Àríwísí kejì le ju ìyẹn lọ. Ìgbàlejò máa ń di ènìyàn lẹ́nu. Ẹni tó fún ẹ lóúnjẹ, tó tẹ́ ẹní fún ẹ, báwo lo ṣe máa kọ̀wé pé ìjà ilẹ̀ wà nínú ẹbí rẹ̀, tàbí pé ọ̀dọ́ ìlú ò níṣẹ́? Onílé máa ń fi iyàrá tó ti gbá han àlejò. A gbà. Ìdí nìyẹn tí a fi fi The Road sínú àpilẹ̀kọ yìí tí a ò sì ní kó kúrò níbẹ̀: ó kọ́ wa pé ká má gbàgbé láti béèrè ohun tí olùgbàlejò ń jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ Ògèrè dáadáa nílò méjèèjì, ojú tó ń fura tí Ṣóyínká ní ní 1965, àti etí tó ń gbọ́ tí ó ní nígbà tó ṣí àpótí bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá ní ojú nìkan á kọ ìròyìn jàǹbá. Ẹni tó bá ní etí nìkan á kọ oríkì.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà ìwé nìkan la ń jà fún. Ní 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀nà márosẹ̀ yìí ṣe, gbogbo ìgbà tí a bá sì gbọ́ ìròyìn rẹ̀, kìlómítà ni wọ́n ń kà fún wa. Nígbà tí ìjọba bá fẹ́ pinnu ibi tí páàkì tírélà máa wà, ibi tí táńkà lè dúró sí, ibi tí ọ̀nà máa gbà, ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ nípa ibẹ̀ ni wọ́n máa kà. Tó bá jẹ́ pé Ògèrè tó wà lákọsílẹ̀ ò ju tógéètì, tírélà àti iná lọ, ta ló máa rò pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí wọ́n bi léèrè? Wọ́n ti pe ilẹ̀ yìí ní ọ̀nà nígbà ogun, ohun tí wọ́n sì ṣe fún un nígbà náà ni pé wọ́n jà lórí rẹ̀. Orúkọ tí a bá ń pe ibì kan nínú ìwé máa ń dé ara àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

Àwọn ọmọ Ògèrè tó ń ka èyí, iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà lọ́wọ́ yín. Àpótí páànù lè wà lókè àjà nílé yín náà. Ẹ gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ lórí fóònù. Ẹ béèrè orúkọ oko tó wà níbi tí tírélà ń dúró sí lónìí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lédè tí wọ́n fi ń pè é. Ẹ̀yin àlejò, ẹ máa bọ̀. Ẹ san owó Ìbàdàn tó bá gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Ògèrè, kí ẹ sì kí ènìyàn kí ẹ tó tan kámẹ́rà. Tí iṣẹ́ yín bá jáde, àwa á kà á, a ó sì máa wá orúkọ kan nínú rẹ̀, tí ẹni náà bá gbà kí ẹ dá a: orúkọ ẹni tó ní kí ẹ wọlé wá jókòó.